Tiwa Kì í Ṣe Àlọ́

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ọ̀jọ́ta a máa bi mí pé: "Bàbá, ta ló dá ayé?" Èsì mi kì í yí padà. Olódùmarè rán Ọbàtálá níṣẹ́, ẹmu dá a dúró lọ́nà. Odùduwà ló rọ̀ sí Ilé-Ifẹ̀, ó da yẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tàn án ká. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́bàtálá kì í fi í mu ẹmu dòní.

Ní ilé ẹ̀kọ́, ti Bíbélì àti ti Kùránì ni wọ́n ń kọ́ wọn. Tiwa, àlọ́ ni wọ́n ń pè é.

Èmi kò ní ká gbé e lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì o. Ní Dover, Amẹ́ríkà, àwọn kan gbìyànjú irú ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2005, adájọ́ ní ẹ̀sìn ni, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ó tọ́. Kí sáyẹ́ǹsì wádìí òkúta àti egungun. Ìtàn tiwa ń kọ́ni bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán ni.

Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ẹ̀sìn, kí tiwa náà wà níbẹ̀. Abala 38 òfin Nàìjíríà ọdún 1999 kọ̀ kí a fipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin òbí oníṣẹ̀ṣe, ẹ fi han olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. UNESCO ti bu ọlá fún Ifá láti 2005. Èkó ti fún wa ní ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe ní 2023. Ìwé ẹ̀kọ́ ló kù. Ire o.