Dígí Tó Ń Sọ Aago: Ẹ Yẹ Ojú Rẹ̀ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó!

Dígí kan wà lóde báyìí tó ń ṣe bí iwin. Ẹ óò dúró síwájú rẹ̀, ẹ óò máa wé gèlè, aago àti iye owó irun dídì yóò sì máa tàn lára rẹ̀. Kì í ṣe òògùn o! Òyìnbó ará Họ́láńdì kan, Michael Teeuw, ló ṣe tirẹ̀ nílé lọ́dún 2014, tó sì fi ọ̀nà rẹ̀ han gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀.

Gíláàsì rẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ó sì ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá. Ojú tẹlifíṣọ̀n tàbí ti kọ̀ǹpútà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ojú yẹn bá ti dúdú, ara yín lẹ ó rí. Ibi tí lẹ́tà funfun bá wà, lẹ́tà ni yóò yọ.

Ẹ̀yin onírun Agége àti ẹ̀yin télọ̀ Ìkẹjà tẹ́ ẹ fẹ́ fi owó àjọ ṣe é, ojú yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ní Computer Village, láti Ọ̀tígbà dé Ọlá Ayéni, tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí ẹja Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó ń tà á yóò gbé e sórí tábìlì, yóò fi fíìmù aláràbarà sí i, ẹ ó sì ní, "Ó mà dára o!" Ẹ dákẹ́ ná. Òòró lẹ máa gbé e kọ́. Ẹ ní kó gbé e dúró bí ìlẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wò ó lọ́tùn-ún, kẹ́ ẹ wò ó lósì. Èyí tí wọ́n ń pè ní TN, tó pọ̀ lára láptọ́ọ̀pù àtijọ́, yóò pàwọ̀ dà: dúdú rẹ̀ á di eérú. IPS kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó pa fíìmù, kó fi dúdú nìkan síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ ṣíji bò ó. Tí etí rẹ̀ bá ń tàn bí òṣùpá, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa tàn lẹ́yìn dígí yín lálẹ́. Gíláàsì sì máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ mú àfọ́kù rẹ̀ kan dání, kẹ́ ẹ fi bò ó wò, àgàgà ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí oòrùn ní Pen Cinema.

Àwọn kan ń ta ojú láptọ́ọ̀pù lásán, láìsí ara. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí bọ́ọ̀dù tó bá nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Ẹ ra méjèèjì pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, kẹ́ ẹ rí i kó tàn níṣojú yín. Èyí tó ní gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, iná tó ń tàn án sì lè gbéèyàn ṣubú.

Káfíńtà ńkọ́? Kó dúró ná! Íǹṣì tí wọ́n ń pè, láti igun kan dé igun òdìkejì ni. Ojú 24 íǹṣì, tẹ́ ẹ bá gbé e lóòró, fífẹ̀ rẹ̀ kò pé 12. Ẹ wo ihò wáyà rẹ̀ pẹ̀lú: tó bá yọ gọngọ sẹ́yìn, dígí yín á ta kúrò lára ògiri bí ikùn aboyún. Kí káfíńtà sì dá ihò sí i lókè àti nísàlẹ̀, kí ooru lè rọ́nà jáde.

Ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀, kó kọ̀wé sí wa: èló ni wọ́n ta ojú náà fún yín?