Ìgbín Òkun Tó Ń Fi Oró Pa Ẹja

 

Ìgbín tí àwa mọ̀ n'Ílàrá-Mọ̀kín níbí, ewé àti èso ló ń jẹ, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rọ̀ ni. Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ìgbín kan wà nínú òkun tó ń fi oró pa ẹja, tó sì ń gbé e mì lódindi!

Cone ni òyìnbó ń pè é, torí ìkarahun rẹ̀ fẹ̀ lókè, ó ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀, bí àrọ tá a fi ń rọ epo sígò. Oríṣi kan, Conus ermineus, wà nínú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí. Á sá pamọ́ sínú iyanrìn, á na ẹnu rẹ̀ gígùn síta. Eyín rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ dókítà tó ní ìkọ́ bí ìwọ̀, oró ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa gún ẹja, ẹja á rọ, òun á fà á wọ ẹnu. Ẹni tí ò lè sáré kúkú gbọ́dọ̀ ní oró tó yá. Bí ẹja bá ráyè lúwẹ̀ẹ́ lọ, oúnjẹ ti bọ́ nìyẹn.

Èyí tó burú jù, Conus geographus, kò sí lápá ọ̀dọ̀ wa. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ló ń gbé, lápá ibi tí owó ẹyọ ayé àtijọ́ ti wá. (Owó ẹyọ náà, ilé ìgbín òkun ni o!) Ìyẹn ti pa èèyàn. Ara á kú, ojú á máa rí nǹkan méjì-méjì, mímí á dìṣòro. Kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀; ṣe ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ bá onítọ̀hún mí nílé ìwòsàn títí oró á fi wálẹ̀.

Kí ló kàn wá? Òkun dé ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa ní Ìlàjẹ. Bí ọmọ bá sì bá wa ra ọjà dé Èkó, etí òkun ló fẹ́ rí. Ìkarahun yìí lẹ́wà, ọmọ á fẹ́ kì í sápò. Èyí tó ti ṣófo ò ní wàhálà. Èyí tí ẹran rẹ̀ ṣì wà nínú ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn. Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá dì mú, ẹnu rẹ̀ lè débẹ̀. Bó bá gún èèyàn, ẹ má jókòó ti àgbo, ilé ìwòsàn tààrà ni.

Oró yìí kan náà tún di oògùn. Baldomero Olivera, ọmọ ilẹ̀ Philippines, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tú u wò. Lọ́dún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ziconotide, oògùn ìrora tí wọ́n wo oró Conus magus ṣe. Inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń fà á sí, fún àwọn tí oògùn mìíràn ò ràn mọ́. Kì í sì í di bárakú bíi mọfíìnì.