Sípíríǹgì Líle Kọ́ Ni Oògùn Kọ́nà

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ẹ̀kọ́ vibration, tó ti ń gbé ní England láti ọjọ́ pípẹ́, kọ̀wé sí mi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀dà Lotus Seven kan nílé, ó sì ti gbé e lọ sí pápá ìsáré lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá yí sítíárì sí òsì, imú ọkọ̀ á máa lọ tààrà bí ẹni tí kò gbọ́. Bó bá yí i sí ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ yọ́ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, inú òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ pápá ló bá ara rẹ̀. Ẹnì kan wá gbà á níyànjú pé kó ra sípíríǹgì iwájú tó le ní ìlọ́po méjì. "Prof, ṣé kí n rà á?"

Rárá o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo ń fèsì níbí kí ẹ̀yin yòókù lè bá wa ká a, torí pé ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ ní kíláàsì nígbà náà gan-an ni, táyà ni mo kàn fi rọ́pò àwọn àmì ojú pátákó.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ọkọ̀ yìí: Colin Chapman ló gbé Lotus Seven jáde ní 1957, ọkọ̀ kékeré tí kò ní òrùlé, tí kò wúwo rárá. Ní 1973, iléeṣẹ́ Caterham gba ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é lọ. Lẹ́yìn náà, ìwé Ron Champion tó jáde ní 1996 kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀yà ara Ford Escort àtijọ́ to irú rẹ̀ nílé. Nítorí náà, ẹ̀dà pọ̀ káàkiri, àmọ́ kò sí méjì tó rí bákan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè jókòó sílé rẹ̀ kó sọ sípíríǹgì tó yẹ ọkọ̀ yín fún yín.

Ó dáa. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ́nà? Bí ọkọ̀ bá ń yà, ìwúwo ń kúrò lórí táyà inú, ó ń bọ́ sórí táyà ìta. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ àti awakọ̀ jẹ́ 600 kg, pé àárín ìwúwo rẹ̀ ga ní 0.4 m sílẹ̀, tí táyà ọ̀tún sì jìnnà sí ti òsì ní 1.3 m. Bí agbára tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀, ohun tó máa ṣí lọ sí ìta ni 600 × 0.4 ÷ 1.3, ìyẹn bíi 185 kg. Ẹ wò ó dáadáa: ṣé ẹ rí sípíríǹgì níbẹ̀? Kò sí. Bó le bí irin, bó rọ̀ bí àkàrà, 185 kg yẹn máa ṣí lọ náà ni. Ohun tó lè dín in kù ni kí ọkọ̀ fúyẹ́, kó fẹ̀ sí i, tàbí kó sún mọ́ ilẹ̀.

Iṣẹ́ wo wá ni sípíríǹgì ń ṣe? Ó ń pín in ni. Òun ló ń sọ iye tí iwájú máa gbé nínú 185 kg yẹn àti iye tí ẹ̀yìn máa gbé. Apá tó bá le jù ló máa gbé èyí tó pọ̀ jù.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, torí táyà kì í ṣe olóòótọ́. Bí ẹ bá di ẹrù lé e ní ìlọ́po méjì, ìdìmú rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ká kàn fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ: táyà tó gbé 150 kg lè di ilẹ̀ mú pẹ̀lú agbára 162, àwọn méjì á jẹ́ 324. Bí ọ̀kan bá wá gbé 200 tí èkejì gbé 100, a lè rí 204 àti 112, àpapọ̀ 316. Ẹrù kò yí padà, ìdìmú ló dín kù. Torí náà, ẹni tó bá mú iwájú le sí i ń gba ìdìmú kúrò níwájú, imú ọkọ̀ á sì túbọ̀ kọ̀ láti yà. Ohun tí wọ́n ń pè ní understeer nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ mú le, ìdí ni yóò máa yọ́, oversteer nìyẹn. Ṣé ẹ rí i pé ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọmọkùnrin yìí, òdì gbáà ni?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún ní nǹkan mìíràn nínú. Ọkọ̀ tó ń kọ̀ láti yà sí òsì, tó tún ń yọ́ ìdí bó bá yà sí ọ̀tún, kò jọ ẹjọ́ sípíríǹgì rárá. Tábìlì tó ń mì ni. Ẹ mọ tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìyókù: ẹsẹ̀ yẹn àti èyí tó wà ní igun kejì rẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù. Mo ní kó gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí atẹ́gùn táyà pé, kó tú anti-roll bar, kí ẹni tó wúwo bíi tirẹ̀ sì jókòó sáyè awakọ̀. Iye tó kọ wá rèé: iwájú òsì 125, iwájú ọ̀tún 155, ẹ̀yìn òsì 170, ẹ̀yìn ọ̀tún 150. Ẹ ro iwájú ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn òsì: 325 nínú 600, ìyẹn ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdajì ló yẹ kó jẹ́.

Òrùka kan wà lára ṣọ́kì tí a ń yí láti gbé ìdí sípíríǹgì sókè tàbí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé igun kan sókè, igun yẹn àti èyí tó dojú kọ ọ́ láti igun dé igun ló máa wúwo sí i. Nítorí náà, kó sọ iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì kalẹ̀ díẹ̀, kó gbé méjì yòókù sókè díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ o! Àpapọ̀ iwájú kò ní yí padà bó ti wù kí ẹ yí òrùka tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìyẹn padà, kó gbé bátìrì kúrò níbi tó wà. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò fún gbogbo èyí, yàtọ̀ sí owó tí ẹ fi yá òṣùwọ̀n.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán tí ẹ ṣì fẹ́ pààrọ̀ sípíríǹgì, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí táyà ń rí. Ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ fi jáàkì gbé wíìlì sókè ní 20 mm, kí ẹ wọn bí ṣọ́kì ṣe kúrú tó. Bó bá jẹ́ 14 mm, 0.7 nìyẹn, ẹ sọ ọ́ di 0.7 × 0.7, ó di 0.49. Sípíríǹgì 40 N/mm tí ẹ rà di bíi 19.6 lẹ́sẹ̀ táyà. Igun iwájú tó gbé 140 kg, bí a bá yọ 20 kg fún wíìlì àti bírékì, yóò máa mì ní bíi ìgbà méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ti le ju ti ọkọ̀ tí à ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ìlọ́po méjì tí wọ́n ní kó rà á gbé e dé 2.9. Ẹ ti rí bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ewé sípíríǹgì kún tìtorí ẹrù: bó bá ṣófo, ńṣe ló ń fò. Táyà tó wà lókè kò di nǹkan kan mú.

Ti ṣọ́kì, ẹ fi í sílẹ̀ dìgbà ìkẹyìn. Ó ń kó ipa nígbà tí ọkọ̀ ń wọ kọ́nà àti nígbà tó ń jáde, ṣùgbọ́n láàárín kọ́nà gan-an, nígbà tí ara ọkọ̀ ti balẹ̀, kò ní nǹkan kan sọ.

Táyà fúnra rẹ̀ máa sọ ìyókù. Ẹ sáré yípo pápá díẹ̀, kí ẹ wọn ooru rẹ̀ kíákíá níbi mẹ́ta: etí inú, àárín, etí ìta. Bí àárín bá gbóná ju etí méjèèjì, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bí etí ìta bá gbóná jù, ẹ mú kí orí táyà tẹ̀ sínú sí i. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ sókè tàbí sílẹ̀, bí imú táyà iwájú méjèèjì ṣe kọjú síra ti lè yí padà. Ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì fún gbogbo nọ́ọ̀tì tí ẹ tú kí ẹ tó padà wọ pápá.