Ogun Tí Kò Ta Ẹ̀jẹ̀ Sílẹ̀

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni eré fífi ọmọ-ogun oníke kéékèèké ja ogun àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Gbajúgbajà nínú wọn ni Warhammer 40,000, tí Rick Priestley kọ, tí Games Workshop sì gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1987.

Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni orí, apá àti ara àwọn ọmọ-ogun náà máa ń wà. Ẹni tí yóò ṣeré ni yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn wọ́n lọ́dà. Lórí tábìlì, tépù ni a fi ń wọn ìrìn wọn. Dáìsì bíi ti lúdò ni ó ń fi hàn bóyá ìbọn bà wọ́n.

Ǹjẹ́ eré yìí kò ní sọ èwe di olùfẹ́ ogun? H. G. Wells, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, ti fèsì nínú ìwé rẹ̀, Little Wars, ní 1913: ó ní ogun àfiṣeré sàn ju ogun gidi lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ-ogun oníke tí ó bá ṣubú lónìí yóò tún jà lọ́la. Èyí tí ìyá bí kì í padà wá. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.