Òpó Ìnà Tó Di Ojúde Ìlù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kó igi sí iná, kí ẹ sún mọ́ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí.

Ní òdìkejì òkun, ní ilẹ̀ Bràsíl, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Salvador, ní Bàhíà. Ọdún 1549 ni àwọn Potogí tẹ̀ ẹ́ dó, òun sì ni olú-ìlú wọn níbẹ̀ títí di 1763. Láyé ìgbà náà, òpó kan wà lórí òkè ìlú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń de ẹrú mọ́, tí wọ́n ń fi pàṣán nà án lójú gbogbo ènìyàn. Pelourinho ni wọ́n ń pe òpó bẹ́ẹ̀, orúkọ yẹn ni àdúgbò náà ń jẹ́ títí dòní.

Ta ni wọ́n ń nà? Ará Àǹgólà, ará Dàhòmì, Haúsá, àti àwa náà, tí wọ́n ń pè ní Nàgó. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ìmàle, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, gbé idà lóru. Ìjọba ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà.

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Títí dòní, àwọn ìyá aláṣọ funfun ń jókòó lójú pópó Salvador, wọ́n ń fi epo pupa dín àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ pè é sókè, ẹ ó gbọ́ ohùn ìyá yín nínú rẹ̀.

Ìlú náà a máa mú oníṣọ̀nà mọ́lẹ̀. Carybé ti Argentina wá, kò lọ mọ́, ibẹ̀ ló kú sí ní 1997. Pátákó 27 ló gbẹ́ àwọn òrìṣà sí. Pierre Verger, ayàwòrán ará Faransé, débẹ̀ ní 1946. Ó tọpa òrìṣà wá sí Kétu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá, ó di Fátúnmbí.

Ní 1974, àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ dá ẹgbẹ́ onílù sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ilê Aiyê. Ilé Ayé nìyẹn! Ní 1979, òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní Pelourinho gan-an. Olodum ni wọ́n pè é, láti ara Olódùmarè. Ní 1996, Michael Jackson wá láti Amẹ́ríkà, ó jó láàárín àwọn onílù náà.

Ohun ìyanu náà nìyí: ibi tí igbe ẹrú ti ń dún ni ìlù ọmọ wọn ti ń dún báyìí. Wọ́n gba ilé àti orúkọ lọ́wọ́ àwọn ẹrú náà, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí Olódùmarè kú lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé, tí ẹnikẹ́ni ò dè yín mọ́ òpó, ẹ má jẹ́ kí èdè yín kú.