Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Ó Gbé Kàdúná fún Ọdún Mọ́kànlá

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí Gómìnà Hugh Clifford ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Katsina ní ọdún 1922, kí a lè rí olùkọ́ fún Òkè Ọya, orúkọ ìlú náà ni a fi pè é. Ní 1938, a kó o wá sí Kàdúná, ó di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kàdúná. Níbí ni Shehu Shagari, ààrẹ Nàìjíríà láti 1979 di 1983, ti kàwé. Ní 1949, ó ṣí lọ sí Zaria, níbi tí à ń pè é ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Barewa lónìí.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, irú Eton, ni a wò kọ́ ọ: inú ọgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun. Àní eré Eton pàápàá, tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ògiri, dé Katsina. Ahmadu Bello, Sardauna Sokoto, fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, aṣọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì ń kírun lákòókò.

Nítorí ọmọ tálákà 70 ni Ọba Henry Kẹfà ṣe dá Eton sílẹ̀ ní 1440; lónìí, ọmọ olówó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Katsina, ọmọ ọba àti ti ìjòyè ló pọ̀. Ṣùgbọ́n Abubakar Tafawa Balewa, ọmọ ìránṣẹ́ ìjòyè, kàwé pẹ̀lú wọn, ó sì di olórí ìjọba Nàìjíríà. Bí owó irú ilé ẹ̀kọ́ báyìí bá ga ju agbára òbí lọ, Balewa mélòó ni yóò kù sí oko?