Ẹnu Ọ̀nà Ni Ìṣirò Wọn Ń Parí Sí

Ní Ọsirélíà, ètò ìgbanisíṣẹ́ fún ọmọ ìbílẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè yunifásítì ti wọ́pọ̀: iléeṣẹ́ ọba ní i, báǹkì ní i, àwọn tó ń wa kùsà náà ní i. Wọ́n á fa ọ̀dọ́ náà lé àgbà òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́, wọ́n á gbé e kiri ẹ̀ka bíi mélòó kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ń kọ mí lóminú.

Àdéhùn Closing the Gap, èyí tí ìjọba fi fẹ́ dín àlàfo tó wà láàárín ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn ará Ọsirélíà yòókù kù, tí wọ́n tún ṣe ní 2020, fẹ́ kí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ìbílẹ̀ tó wà láàárín ọdún 25 sí 64 ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tó bá fi máa di 2031. Iye yẹn kò sọ ẹni tó pẹ́ níbi iṣẹ́, kò sì sọ ẹni tó gbọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Kí ló ń lé àwọn tó ń lọ? Àwọn alákòóso sábà máa ń ní ọ̀dọ́ náà ni kò nígboyà tó, ni wọ́n bá tún fi ìdálẹ́kọ̀ọ́ lé ìdálẹ́kọ̀ọ́. Èmi ò gbà. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fúnra wọn ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹrù tó ń lé wọn lọ: cultural load, ìyẹn ẹrù àṣà. Ẹ wo ẹnjiníà tó jẹ́ òun nìkan ni ọmọ ìbílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n ń wò pé kó júbà àwọn tó nilẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ NAIDOC, tí wọ́n fi ń ṣàjọyọ̀ àṣà àwọn ọmọ ìbílẹ̀, bá dé ní oṣù Keje, òun ni alága ìgbìmọ̀. Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ àbùkù sí ìran rẹ̀, òun náà ni yóò la ọ́fíìsì lọ́yẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá délẹ̀, wọn kì í kà á sí i, afárá tí wọ́n ní kó yàwòrán rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Ọ̀fọ̀ tún wà níbẹ̀. Sorry business, bí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ṣe ń pe ètò ọ̀fọ̀ wọn, lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, mọ̀lẹ́bí tó kàn sì pọ̀. Òfin iṣẹ́ fàyè ọjọ́ 2 sílẹ̀ bí òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá bá kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá tó tọ́ni dàgbà ní abúlé mìíràn kò sí lára wọn.

Àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń kọ iṣẹ́ àfikún yìí sínú àdéhùn, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa kéde iye àwọn tí wọ́n gbà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn tó ṣì wà níbẹ̀, àti ipò tí wọ́n dé.